Èènì Kọ́ Ni Ọjà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìkòtún àti gbogbo agbègbè wa, láti Ìdímù títí dé Ìgàndó, títí kan Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ tẹ́tí sí mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí owó tí à ń kó lọ sí báńkì nítorí pé báńkì ní àwọn máa ṣẹ́ gègé, tí ẹni tí gègé bá mú yóò sì di olówó.

Ẹ̀ ń rí wọn lójú pópó. Ẹ̀ ń rí àwọn ọmọ báńkì tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n dúró sábẹ́ agboòrùn ńlá, tí wọ́n ń pín ìwé pélébé fún àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ṣí àkáǹtì, fi owó sí i, má fọwọ́ kàn án, orúkọ rẹ yóò wọ inú ìbò mílíọ̀nù. Púpọ̀ nínú yín ti bi mí pé, "Bàbá, ṣé ó dáa?" Ìdáhùn mi ni pé kò burú, bí o bá mọ ohun tí o ń rà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìrètí mílíọ̀nù yẹn nìkan ló gbé ọ débẹ̀, o ti ná ohun tí kò tíì wọlé. Àwọn baba wa ní ẹni tó gbójú lé ogún, ó fira rẹ̀ fóṣì ta. Ìbò báńkì náà, ogún tí ẹnikẹ́ni kò tíì pín fún ọ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù kẹrin ọdún 1956, Harold Macmillan, tó ń bójú tó owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kéde rẹ̀ nínú ètò ìṣúná rẹ̀. Premium Bonds ni wọ́n sọ ọ́. Ìjọba fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa fi owó pamọ́ dípò kí wọ́n máa ná an tán, nítorí ọ̀wọ́n ọjà ń dà wọ́n láàmú. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, pọ́ùn kan fún bọ́ǹdì kan. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1957, wọ́n ṣẹ́ gègé àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní ERNIE ló ń mú nọ́ńbà jáde. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní Dollis Hill, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́ ọ, àwọn kan nínú wọn sì wà lára àwọn tó ti ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi tú àṣírí àwọn ọ̀tá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ̀bùn tó ga jù lọ́jọ́ náà jẹ́ £1,000.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló pàtẹ́wọ́ fún un. Geoffrey Fisher, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, bá a wí pé tẹ́tẹ́ ni. Harold Wilson, tó padà wá di olórí ìjọba, náà ta kò ó nílé aṣòfin. Àríyànjiyàn tí ẹ̀ ń gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí wa lónìí ni wọ́n ti jà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí yín. Bẹ́ẹ̀ ni ọjà náà kò kú. Àwọn tó ní bọ́ǹdì náà lónìí ju mílíọ̀nù 20 lọ. Bí o bá ní ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, bi í, yóò mọ̀ ọ́n.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí gan-an nìyí. Owó tí o fi rà á kò sọnù, ìgbàkígbà tí o bá fẹ́ ẹ ni wọ́n máa dá a padà fún ọ. Àmọ́ wọn kò ní fún ọ ní èlé kankan. Èlé tó yẹ kó kan gbogbo yín ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n wá ń fi ṣe ẹ̀bùn fún àwọn díẹ̀ lóṣooṣù. Ènìyàn méjì ń jẹ £1,000,000, àwọn kan ń jẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀bùn náà sì jẹ́ owó kékeré, £25 ló kéré jù. Ní ọdún 2025, àǹfààní tí pọ́ùn kan ní láti jẹ ohunkóhun nínú oṣù kan jẹ́ ẹyọ kan nínú 22,000. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ní £1,000 níbẹ̀, bí gègé bá ṣe déédéé pẹ̀lú rẹ̀, yóò máa jẹ ẹ̀bùn kan láàárín oṣù 22. Ẹni tó ní £100 yóò dúró fún oṣù 220. Ọdún 18 àti oṣù mẹ́rin nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ £25 ni yóò gbà lẹ́yìn gbogbo ìdúró náà. Ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ ni gègé ń rántí. Tálákà tó fi díẹ̀ sí i, ìrètí ló pọ̀ jù nínú ohun tó rà.

Nílé wa níbí, báńkì ló mú ìlànà náà wọ̀lú fún ọ̀pọ̀ nínú yín. Ní ọdún 2008, Diamond Bank gbé àkáǹtì onígègé DiamondXtra jáde, bí wọ́n sì tilẹ̀ da báńkì náà pọ̀ mọ́ Access Bank ní ọdún 2019, ọjà náà kò parun. Fi owó pamọ́, bí owó rẹ ṣe ń pọ̀ ni àǹfààní rẹ ń pọ̀, kí o sì máa retí ìbò. Nínú àwọn ẹ̀bùn wọn, èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n pè ní owó oṣù títí ayé, ₦100,000 lóṣooṣù fún ogún ọdún. Ìgbà tí wọ́n ń kéde rẹ̀, tọmọdé tàgbà ló ń gbàdúrà sí i.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Ní ọdún 2011, owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà láyè ní Nàìjíríà jẹ́ ₦18,000. Ẹni tó bá ń gba ₦100,000 nígbà náà ń gba owó òṣìṣẹ́ márùn-ún pọ̀, ó sì tún lé. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní àwọn máa san ₦85,000. Ẹni tí orí rẹ̀ bá a ṣe é, tí gègé mú láàárín ogunlọ́gọ̀, tí ìlú bá a yọ̀, owó tó ń gbà lóṣooṣù kò fi ohun púpọ̀ ju ti ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ìjọba lọ mọ́, ogún ọdún rẹ̀ kò sì tíì pé. Báńkì kò yẹ àdéhùn. Náírà ló yí padà. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Bí ẹni tó jẹ ẹ̀bùn bá lè rí èyí, kí ni ká sọ nípa ẹni tó ń retí?

Ẹ tẹ̀ lé mi dé inú ọjà Ìkòtún, níwájú ìyá oníyẹ̀fun àti ìyá oníkàrà, lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta gàrí. Ó bu gàrí sínú kóńgò, ó fi ọwọ́ méjèèjì kó o gorí títí ó fi rí ṣóńṣó, ó dà á sínú ọ̀rá rẹ. Lẹ́yìn náà ló wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e pé kí ẹ gba èènì. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ dáadáa kì í kọ́kọ́ wo ẹ̀kúnwọ́ yẹn. Ìdí kóńgò ló ń wò, bóyá wọ́n ti fi òòlù lù ú wọnú. Nítorí kóńgò tí ìdí rẹ̀ ti wọnú, bó bá ṣóńṣó tó òkè, ó ti jẹ nínú gàrí rẹ kí wọ́n tó fún ọ ní èènì, èènì náà kò sì ní tó ohun tó jẹ. Ẹ̀bùn báńkì ni èènì. Èlé àti bí owó rẹ ṣe ń dúró síbi tó wà ni kóńgò. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi lónìí kò ju èyí lọ: ẹ yẹ ìdí kóńgò wò kí ẹ tó yọ̀ sí èènì.

Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Báńkì Àgbà Nàìjíríà ní kí báńkì má fún owó ìpamọ́ ní èlé tó dín sí ìdá 30 nínú 100 iye tí Báńkì Àgbà fúnra rẹ̀ fi lélẹ̀. Nígbà tí iye yẹn wà ní 27.5%, ìyẹn jẹ́ 8.25%. ₦100,000 rẹ yóò bí ₦8,250 lọ́dún kan, bí o kò bá fọwọ́ kàn án ju bí wọ́n ṣe gbà ọ́ láyè lóṣù. Nínú oṣù kìíní ọdún 2025, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ 24.48%. Ohun tí a ń rà ní ₦100,000 lọ́dún tó ṣáájú ti di ₦124,480. Ẹni tó fi ₦100,000 pamọ́ ń gba ₦108,250, ọjà sì ń bèèrè ₦124,480. Owó náà pọ̀ sí i nínú ìwé, ó dín kù nínú ìkòkò. Ọ̀wọ́n ọjà ti ń rọlẹ̀ lẹ́yìn náà, ó jẹ́ 18.02% ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ṣùgbọ́n ó ṣì ga ju èlé ìpamọ́ lọ fíìfíì.

Mi ò fẹ́ kí ẹ ṣì mí gbọ́. Àkáǹtì onígègé sàn ju ilé tẹ́tẹ́ lọ ní ọ̀nà kan tó tóbi. Bí o bá ta nọ́ńbà lọ́dọ̀ onílọ́tìrì Bàbá Ìjẹ̀bú, tí o sì bọ́ sọ́nà, ₦500 rẹ ti lọ. Bí o bá fi ìfẹsẹ̀gbá ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù, tí ẹgbẹ́ kan gbá góòlù wọlé ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn, owó gàrí ọmọ rẹ ti lọ. Ní báńkì, bí gègé kò bá mú ọ, owó rẹ ṣì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìrètí ẹ̀bùn ló lè mú kí o dá tẹ́tẹ́ dúró, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó pamọ́, mo gbà fún ọ, máa bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ló ti ibẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń pa owó mọ́.

Ohun tí mo kọ̀ ni kí ìrètí di iṣẹ́. Ọmọkùnrin kan wà tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa, ọwọ́ rẹ̀ yá, oníbàárà rẹ̀ pọ̀. Bó bá ti gbọ́ pé báńkì kan ń ṣẹ́ gègé, yóò kó owó kúrò ní èyí tó wà, yóò kó o lọ sí òmíràn. Owó ṣọ́ọ̀bù ló ń kó kiri bẹ́ẹ̀. Nígbà tí onílé ṣọ́ọ̀bù dé, owó náà wà ní ibi tí wọ́n ní bó bá fọwọ́ kàn án, orúkọ rẹ̀ yóò jáde nínú ìbò, ìbò sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní kí onílé fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì. Onílé fún ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù. Ìbò dé, kò mú un. Ọmọ tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ padà sídìí tábìlì lábẹ́ agboòrùn nítorí ohun tí kò ní orúkọ rẹ̀ lára.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ sọ owó yín lórúkọ kí ẹ tó fi í pamọ́. Èyí ni owó ilé, èyí ni owó ìwé ọmọ, èyí ni owó maṣíìnì. Owó tó ní orúkọ kì í tètè bọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀bùn kò lè jẹ́ orúkọ owó kankan, nítorí o kò mọ ọjọ́ tí yóò dé, o kò sì mọ̀ bóyá yóò dé.

Èkejì, ẹ má fojú kéré àjọ. Alájọ yóò dé lówùúrọ̀ pẹ̀lú báírò létí, yóò yọ káàdì tó ní ojú 31, yóò fa ìlà kan sínú ojú kan, ó tán. Bí o bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́, ní ìparí oṣù ọlọ́jọ́ 31, owó ọjọ́ kan ni ti alájọ, ìwọ yóò kó ₦30,000. Lọ́dún kan, ₦353,000 nìyẹn. Kò sí gègé níbẹ̀, kò sì sí èlé, ṣùgbọ́n ojú tó ń wò ọ́ láràárọ̀ ni kò jẹ́ kí o ná an. Nítorí ìṣòtítọ́ àti ọpọlọ pípé ni Yorùbá fi ń kan sáárá sí Alájọ Ṣómólú títí dòní, ọkùnrin tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo alájọ ni Alájọ Ṣómólú. Mọ ilé rẹ̀, mọ ẹbí rẹ̀, mọ ọdún tó ti ń ṣe é, má sì jẹ́ kí owó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti pé oṣù, gbà á, kí o gbé e lọ síbi tó le jù.

Ẹ̀kẹta, ibi tó le jù yẹn wà. Láti oṣù kẹta ọdún 2017 ni iléeṣẹ́ tó ń bójú tó gbèsè ìjọba àpapọ̀, DMO, ti ń ta bọ́ǹdì ìfowópamọ́ fún mẹ̀kúnnù, FGN Savings Bond. ₦5,000 lo lè fi bẹ̀rẹ̀, ọlọ́dún méjì wà, ọlọ́dún mẹ́ta wà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń san èlé rẹ̀ sínú àkáǹtì rẹ. Èyí tí wọ́n tà ní oṣù kìíní ọdún 2025 san 17.235% fún ọlọ́dún méjì, 18.235% fún ọlọ́dún mẹ́ta. Fi ₦100,000 wé ti báńkì tí a ṣírò: ₦17,235 lọ́dún dípò ₦8,250. Kò sí ẹni tí yóò lu ìlù fún ọ, wọn kò ní ya fọ́tò rẹ, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó rà á ló ń jẹ ẹ̀bùn. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, tí ẹ kò fẹ́ èlé, tí ẹ kò sì fẹ́ gègé, ìjọba ti ń ta Sukuk láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ọ̀nà ni wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ ṣe, ₦10,000 lo lè fi wọlé. Lọ bá báńkì rẹ tàbí àwọn alágbàtà tí ìjọba fọwọ́ sí, kí o bèèrè ìgbà tí wọ́n máa tún tà á.

Ẹ̀kẹrin, mọ ohun tó ń dáàbò bo owó rẹ. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, ti sọ ọ́ pé bí báńkì bá wó, ẹni kọ̀ọ̀kan lè gba tó ₦5,000,000 padà, ní báńkì kéékèèké tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó, ₦2,000,000. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Báńkì Àgbà gba ìwé àṣẹ Heritage Bank, NDIC sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó àwọn tó fi owó síbẹ̀. Báńkì tí NDIC kò bá sí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má kó owó oúnjẹ lọ síbẹ̀.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn olè tó ń fi aṣọ èènì bora. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, òwò ẹ̀tàn MMM ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn wa nígbà tí wọ́n ń múra Kérésìmesì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, òwò ẹ̀tàn míì, CBEX, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ìran kan kò gbọ́ ti ìran kejì. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2025 ti sọ irú òwò bẹ́ẹ̀ di ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ẹlòmíràn kò ní dá owó rẹ padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń sọ pé nọ́ńbà rẹ ti jẹ, pé kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ̀bùn lè jáde, tàbí kí o pe nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù rẹ fún wọn. Ẹ̀bùn tí o máa sanwó fún kí o tó gbà á, ọjà ni, olè ló sì ń tà á. Báńkì kò nílò PIN rẹ láti fún ọ ní nǹkan.

Bí orí rẹ bá wá bá ọ ṣe é ńkọ́, tí gègé mú ọ lóòótọ́? Mo gbàdúrà kó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan nínú yín. Rọra. Sọ fún ọkọ tàbí aya rẹ, sọ fún òbí tó ní làákàyè, kí o sì jẹ́ kí owó náà sùn fún oṣù kan kí o tó ra ohunkóhun. San gbèsè rẹ. Fi èyí tó pọ̀ jù síbi tí yóò ti máa bímọ. Má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, nítorí ẹ ti rí ohun tí ọdún mẹ́tàlá péré ṣe sí ₦100,000.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ iye tó ń wọlé fún yín lóṣù síbẹ̀, ẹ kọ iye tí ẹ lè yà sọ́tọ̀ láìjẹ́ kí ebi pa ilé, kí ẹ sì kọ orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ fi í ṣe. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kí ẹ tó ná ìyókù. Bí ẹ bá ṣe èyí tán, tí ₦1,000 kan ṣẹ́kù tí ẹ fẹ́ fi wọ ìbò báńkì, ẹ fi wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọkàn ìdẹ̀ra. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Olódùmarè yóò bù sí iṣẹ́ ọwọ́ yín, owó tí ẹ fi òógùn kó jọ kò ní bọ́ sọ́wọ́ olè, ẹ ó sì fi í ṣe ohun rere tí ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Àṣẹ.